Ta Ló Ni Àlejò Tó Wá sí Àgbádárìgì?

Bí ènìyàn bá dúró ní èbúté Marina ní Àgbádárìgì (Badagry) ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí bọ́ọ̀sì kan sì já àwọn àlejò sílẹ̀ níbẹ̀, wọn kò ní tíì na ẹsẹ̀ tán tí ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan fẹ́ ṣe amọ̀nà wọn. Èkejì ní ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Ẹ̀kẹta mú ìwé rìsíìtì lọ́wọ́, ó ń béèrè owó ìwọlé, kò sì dárúkọ ẹni tó rán an.

Nígbà tí mo mú àwọn ẹbí wa kan tó ti Amẹ́ríkà wálé lọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tú báàgì rẹ̀ bí a ṣe ń padà bọ̀ sí Èkó, ó sì ka rìsíìtì tó wà nínú rẹ̀. Márùn-ún ni. Orúkọ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí wọn, a sì ti san owó méjì mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò já rìsíìtì kankan fún wa lé lórí. Ó ní, “Àbúrò mi, ta gan-an la ti ń sanwó fún láti àárọ̀?” Ẹ̀rín ni mo rín, nítorí pé mi ò ní èsì.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìjọba ti pa ẹ̀ka náà tì. Bó bá jẹ́ ti Àgbádárìgì, èmi kò gbà pé ìpatì nìkan ni. Àwọn tó ń bójú tó o pọ̀, kálukú wọn ló sì ní ẹ̀tọ́ tó lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bí pákó èbúté bá jẹrà, tàbí bí amọ̀nà bá parọ́ fún àlejò, kò sí èyí tí ènìyàn lè lọ bá nínú wọn kó gbà pé òun ni. Ẹni tó bá ti jọ ra ewúrẹ́ rí mọ bí ebi ṣe ń pa ewúrẹ́ àjọní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn ohun tí àlejò ń bá wá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nárì CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1842 tí wọ́n sì parí ní 1845, ọwọ́ ìjọ Áńgílíkà ló wà. Ọgbà Sẹ̀rìkí Williams Abass, tí wọ́n ní ó ní ogójì yàrá tóóró tí wọ́n ń há ẹrú mọ́, ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà. Ìdílé Mobee ló ń tọ́jú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de àwọn ẹrú lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀. Ilé tí àwọn aláṣẹ Òyìnbó kọ́ ní ọdún 1863 ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 2002, ìyẹn sì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibi tí igi Agia wà, níbi tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti CMS ti wàásù ní ọdún 1842, òpó ìrántí ló kù níbẹ̀, nítorí pé igi náà ti wó láti ọdún 1959. Vlekete, tó jẹ́ ọjà ẹrú láyé àtijọ́, wà láàárín ìlú, àwọn ará àdúgbò ló sì yí i ká. Bí a bá ti sọdá sí Gberefu, ilẹ̀ àwọn apẹja la tẹ̀ yẹn, wọ́n ní olórí tiwọn, wọ́n sì mọ ẹ̀tọ́ wọn.

Kò sí èyí tó burú nínú ìwọ̀nyí. Àwọn ìdílé náà ló tọ́jú ohun ìrántí wọ̀nyí ní àwọn ọdún tí kò sí ẹnì kankan tó kà wọ́n sí, bí wọn kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìdílé Mobee ì bá ti di irin alágbẹ̀dẹ. Bí ìjọba bá ní kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí òun máa pín owó fún wọn, èmi náà kò ní tètè fi tèmi sílẹ̀, nítorí pé ìlú yìí ti gbọ́ ìlérí tó pọ̀. Ní ọdún 2009, ìròyìn tàn ká gbogbo ayé pé Marlon Jackson, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá tó kọrin ní ẹgbẹ́ Jackson Five, wà lára àwọn tó fẹ́ kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ tí yóò ná wọn ní bílíọ̀nù 3.4 dọ́là sí Àgbádárìgì, pẹ̀lú ilé ìtura olówó ńlá, pápá gọ́ọ̀fù àti ilé ìrántí òwò ẹrú. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà bóyá ó yẹ kí ènìyàn máa gbá gọ́ọ̀fù níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀. Àríyànjiyàn yẹn ti lọ sílẹ̀ báyìí, torí pé a kò rí ilé ìtura, a kò sì rí gọ́ọ̀fù. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ọ̀rọ̀ òfin ló wá mú kí ó díjú sí i. Nínú ìwé òfin ọdún 1999, ohun tí wọ́n kọ sínú àtẹ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìṣàkóso lílọ-bíbọ̀ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́; wọn kò dárúkọ ilé ìtura níbẹ̀, wọn kò sì dárúkọ ilé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ti ṣe òfin kan ní ọdún 1992 tó fún NTDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè ìrìn-àjò afẹ́, lágbára láti máa forúkọ ilé ìtura sílẹ̀ kó sì máa pín wọn sí ìsọ̀rí. Nígbà tí Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí iṣẹ́ kan náà, àwọn tó ni ilé ìtura bọ́ sáàárín ọ̀gá méjì, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Ìpínlẹ̀ Èkó láre: ọ̀rọ̀ ilé ìtura àti ìwé àṣẹ wọn, ti ìpínlẹ̀ ni. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun ní ọdún 2022, ó sì yí orúkọ NTDC padà sí NTDA.

Nígbà tí a rò pé ìpínlẹ̀ ti gba ti ọwọ́ rẹ̀, omi tún dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Èkó ní àjọ LASWA tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi, ìjọba àpapọ̀ náà sì ní NIWA. Wọ́n fa èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní NIWA ló láṣẹ lórí ojú omi tí ọkọ̀ ń gbà.

Ẹ wo ibi tí ìdájọ́ méjèèjì gbé àlejò wa dé. Bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé lórí wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀. Ọ̀sà tó fẹ́ sọdá wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Yanrìn tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ní òdìkejì, ti àwọn ará Gberefu ni. Kí ó tó dé etí òkun, ó ti jáde lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó fi í lé ẹnìkejì lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí àwa lọ, ọkọ̀ tí a wọ̀ ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì mẹ́jọ, àwa mọ́kànlá sì la wà nínú rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ náà, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, fún àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin ní tiwọn tán, ó wá yíjú sí èmi àti àwọn ọkùnrin méjì tó kù, ó ní, “Ẹ máa bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra jókòó sí àárín.” Mo bi í pé ta ló ń wá yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò. Ó ní àwọn kan máa ń wá, àwọn mìíràn náà sì máa ń wá.

Lókè pátápátá, ní ìjọba àpapọ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1999, wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́. Ní ọdún 2015, wọ́n kó o mọ́ ọ̀rọ̀ ìròyìn. Ní ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu yọ ìrìn-àjò afẹ́ sọ́tọ̀, ó sì fún un ní mínísítà tirẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n tún dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà, àṣà àti ọrọ̀ ajé àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ tí èso rẹ̀ kò lè jáde láàárín ọdún mẹ́wàá, a ń yí ilé rẹ̀ padà bí ẹni ń yí aṣọ.

Ọ̀nà wá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti ọdún 2009 ni Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry ní apá tirẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tó wà nínú ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina ti Erékùṣù Èkó dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Láti Agbára dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí í ṣe kìlómítà 46, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2018 ní iye tó lé ní bílíọ̀nù 63 náírà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ lónìí yóò rí ibi tó dán, yóò rí kòtò, yóò sì rí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró. Mo fi ìka mi ka iye ìgbà tí wọ́n dá bọ́ọ̀sì wa dúró láti Agbára. Nígbà tó pé mẹ́wàá tí ìka sì tán, mo ká ọwọ́ mi lé itan. Lóòótọ́, ẹnubodè ni, àwọn aṣọ́bodè àti òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de kò lè ṣàìwà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àlejò tí wọ́n ní kó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ jáde nígbà mẹ́rin láàárín ìlú kan náà yóò sọ ọ́ nílé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì lágbára ju ìpolówó ọjà èyíkéyìí tí ìjọba bá sanwó fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí jù ni ti ìtàn. Ọjà Àgbádárìgì, ìtàn ni. Ẹni tó wá láti Amẹ́ríkà tàbí Bùràsíìlì kò wá wo òkun, òkun wà nílé rẹ̀. Ó wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn baba ńlá rẹ̀, ẹni tó sì ń sọ ọ́ fún un kì í ṣe ẹni tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Lójú ọ̀nà yanrìn tó lọ sí etí òkun ní Gberefu, kànga kan wà tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Amọ̀nà tó mú wa lọ sọ ọ́ débi pé ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé ibi òpó tí wọ́n ń pè ní ibi àlọ-àìbọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn wà lẹ́nu ọmọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé ìlú, ó sọ pé láti ọdún 1502 ni wọ́n ti ń ta ẹrú ní Vlekete. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ ọdún yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn òpìtàn tó tú ìwé àwọn oníṣòwò Òyìnbó ìgbà náà wò gbà pé àwọn ọdún 1730 ni Àgbádárìgì ṣẹ̀ṣẹ̀ di èbúté ẹrú tó lórúkọ. Ìyàtọ̀ tó ju igba ọdún lọ kì í ṣe àṣìṣe kékeré.

Ó tún dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti túmọ̀ odidi Bíbélì sí èdè Yorùbá. Crowther ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Ọdún 1845 ló dé Àgbádárìgì, ní 1846 ó ti gba Abẹ́òkúta lọ, odidi Bíbélì kò sì jáde títí di ọdún 1884. Ọkùnrin kan nínú àwọn tí a jọ lọ, tó jẹ́ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, wo ohun kan lórí fóònù rẹ̀, ó wò mí, kò sì sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni kò béèrè ìbéèrè mọ́. Ohun tó dùn mí ni pé òótọ́ tó wà nílẹ̀ tó láti pa ènìyàn lẹ́kún, kò nílò iyọ̀. Bí amọ̀nà bá ti fi irọ́ kan kún un, àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa kànga náà pàápàá. Mi ò sì lè dá ọmọkùnrin yẹn lẹ́bi pátápátá, ẹni tó kọ́ ọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì sí ìwé kan tí gbogbo amọ̀nà ìlú náà gbọ́dọ̀ kà, tàbí ìdánwò tí wọ́n gbọ́dọ̀ yege, kí wọ́n tó di amọ̀nà.

Ní Gánà, àjọ kan ṣoṣo tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lórílẹ̀-èdè náà ló ń bójú tó odi agbára Cape Coast àti ti Elmina, tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti fi sínú àkọsílẹ̀ ohun ìní àgbáyé láti ọdún 1979. Ènìyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹnu ọ̀nà, amọ̀nà tó wà níbẹ̀ á sì mú un wọlé. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lókè òkun wálé ní ọdún 2019, àlejò tó wọ Gánà ju mílíọ̀nù kan lọ, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n lè mú wọn lọ. Ní Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n lẹ́yìn Kútọnu, wọ́n ṣe àjọ̀dún Vodun ńlá ní ọdún 1993, UNESCO gbé ètò ojú ọ̀nà ẹrú dìde níbẹ̀ ní 1994, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́ sí etí òkun sì dúró láti 1995. Àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn Ẹ̀gùn Àgbádárìgì jọ ní ìtàn pọ̀ ni. Àwọn tó ń kó àlejò kiri máa ń fẹ́ so ìlú méjèèjì pọ̀ nínú ìrìn-àjò kan, ìyẹn sì wà lára ohun tó forí ṣánpọ́n nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 di oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Ní ti owó, ibi tí àlejò bá sùn ló ń náwó sí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé oṣù Kejìlá ọdún 2024 mú owó tó ju mílíọ̀nù 71 dọ́là wọlé láti ilé ìtura, ilé ijó àti irú rẹ̀. Ìkẹjà, Lẹ́kí àti Erékùṣù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn tó wá sí Àgbádárìgì lásìkò náà, ọ̀pọ̀ wọn dé láàárọ̀, wọ́n sì ti padà kí ilẹ̀ tó ṣú nítorí ọ̀nà. Ohun tí wọ́n ná kò ju owó ìwọlé, owó ọkọ̀ ojú omi, àgbọn tútù kan àti ike omi lọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtura síbẹ̀ yóò ka owó orí ìpínlẹ̀ tó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí àlejò bá san, yóò ka owó orí ọjà ti ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò ka owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, yóò sì padà sí Lẹ́kí.

Ní báyìí, ọ̀nà tuntun ń bọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ òpópónà Sókótó sí Badagry tó gùn ju kìlómítà 1,000 lọ, ètò físà orí íntánẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Mo yọ̀ sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá di ìlọ́po mẹ́wàá, tí ẹni mẹ́ta ṣì ń dúró dè wọ́n ní èbúté, rìsíìtì ni yóò kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ohun tí èmi rò pé ó ṣeé ṣe, kò sì nílò bílíọ̀nù dọ́là, ni tíkẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo ìlú: kí àwọn ìdílé, ìjọ, ará Gberefu àti ìjọba jókòó, kí kálukú mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, kí wọ́n fẹnu kò sí bí wọn yóò ṣe pín owó náà, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara ògiri lóṣooṣù kí gbogbo ojú lè rí i. Ìjókòó yẹn ló máa ṣòro. Ẹni tó bá pè é ni yóò dàbí ẹni tó fẹ́ gba ilé onílé.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilé tí a wọ̀ lọ́jọ́ yẹn ló ní ìwé kan lórí tábìlì, tí àlejò máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, ibi tó ti wá àti ohun tó rí. Ní ọ̀kan nínú wọn, okùn ni wọ́n fi so bírò mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn láti Bahia, láti Atlanta, láti Ìbàdàn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun sunkún. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé amọ̀nà méjì sọ ìtàn méjì fún òun lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó kọ̀wé nípa ọ̀nà kò lóǹkà. Mo bi bàbá tó jókòó ti tábìlì náà pé, “Bàbá, ta ló máa ń wá ka ohun tí wọ́n ń kọ síbí yìí?” Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Ó ní bí ìwé kan bá ti kún, òun á kó o sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, òun á lọ ra òmíràn, mẹ́tàdínlógún ló sì ti wà níbẹ̀.